Bí Ata Rodo Gbígbẹ Kò Ṣe Jóná Nínú Òróró Mọ́

Bí ata rodo gbígbẹ tí a gún bá ti kan òróró gbígbóná báyìí, ó dúdú kíá, ọbẹ̀ korò, èéfín rẹ̀ sì mú gbogbo ilé húkọ́. Ata gbígbẹ kò lómi nínú mọ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ iná. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti jó o.

Ohun tó tán an nìyí. Mo la ata 6 sí méjì, mo gbọn hóró rẹ̀ dànù, mo sì fi ọ̀bẹ ha okùn funfun inú rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ gan-an ni oró ata pọ̀ sí jù, kì í ṣe inú hóró bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 20, títí ara rẹ̀ fi rọ̀ bí awọ tútù. Mo wá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tàtàṣé 4 àti àlùbọ́sà 1.

Òróró ife 1, iná kékeré. Àlùbọ́sà rírẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Bó bá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí, ooru ti tó. Òróró tó bá ti ń rú èéfín ti gbóná jù, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Ata lílọ̀ ló kàn: ẹ máa rò ó títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ tí òróró yóò sì léfòó.

Omi nìkan kò lè ṣí oró ata kúrò lọ́wọ́, inú òróró ló ti ń yọ́. Ẹ fi òróró ra ọwọ́ ná, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ojú.