Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Filọ́sọ́fà Tí Ẹ Fẹ́ràn Jù

Ẹ má fi orúkọ filọ́sọ́fà, ìyẹn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan tó ń jẹ yín lọ́kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ: ṣé ìmọ̀ tí a kò kọ sínú ìwé lè jinlẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni méjì tó dáhùn rẹ̀, kí ẹ ka ojú ìwé mẹ́wàá nínú iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ka kìkì ohun tí ẹlòmíràn sọ nípa wọn.

Ará Àkúrẹ́ kò ní láti lọ jìnnà. Ìgbàrà-Òkè tó wà nítòsí wa ni wọ́n ti bí filọ́sọ́fà Sophie Olúwọlé ní 1935. Ó fi Socrates, filọ́sọ́fà ará Gíríìsì àtijọ́, wé Ọ̀rúnmìlà: Socrates kò fi ìwé kankan sílẹ̀, síbẹ̀ ayé ń pè é ní filọ́sọ́fà; kí ló wá dé tí a ó fi ọwọ́ rọ́ ẹsẹ Ifá sẹ́yìn? Àríyànjiyàn tó lágbára gan-an nìyẹn.

Fún àlàyé yín nípa filọ́sọ́fà tí ẹ yàn, gbólóhùn mẹ́rin tó: ohun tó sọ, ẹ̀rí rẹ̀, ohun tó yí padà nínú èrò yín, àti ibi tí ẹ kò ti gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìkẹrin kọ, ẹ padà lọ ka ojú ìwé mẹ́wàá mìíràn.