Ẹ Gbá Ewé Wílò Kúrò Nílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ gbin igi wílò kó lè fa oró kúrò nínú ilẹ̀, tí àyẹ̀wò erùpẹ̀ kò sì yí padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ má tíì dá igi lẹ́bi. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ewé bá tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní, tí ti òkè gbẹ, tí ti ìsàlẹ̀ ti dúdú tó ń jẹrà, iṣẹ́ yín ti ń padà sínú ilẹ̀ nìyẹn.

Nínú àwọn irin tó ń ṣe oró nínú ilẹ̀, kádímíọ̀mù àti síǹkì ni wílò mọ̀ ọ́n fà jù, ewé ni wọ́n sì ń pọ̀ sí. Òjé àti bàbà kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè, gbòǹgbò ni púpọ̀ nínú wọn ń dúró sí. Bó bá jẹ́ òjé ló ba ilẹ̀ yín jẹ́, ẹ má gbójú lé wílò.

Ẹ mọ igi í gbìn, n kò ní tún un sọ. Ìwọ̀n ni kí ẹ má yẹ̀: ẹ̀ka ọlọ́dún kan, 20 sẹ̀ǹtímítà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Ẹ fi 75 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ìlà méjì, 150 sáàárín ìlà méjì náà àti méjì tó tẹ̀ lé e, 60 sáàárín igi kan àti èkejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igi 15,000 ní hẹ́kítà kan. Lẹ́yìn ọdún kìíní, ẹ gé e mọ́lẹ̀ kó lè pẹ̀ka, kí ẹ wá máa kórè lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má da ẹfun lúlú sí ilẹ̀ náà. Ó ń dí igi lọ́wọ́ láti fa kádímíọ̀mù.

Ìgbà ìkórè lọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Àwọn tó ń gbin wílò fún igi ìdáná máa ń dúró kí ewé wọ́ tán. Ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ gé e nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀. Lọ́dún tí ẹ kò bá gé e, ẹ tẹ́ tapólì sáàárín ìlà, kí ẹ máa kó ewé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi wọ́ tán, kí òjò tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ di ẹnu àpò. Iṣẹ́ náà ń rẹni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbin wílò tí kò kó ewé kàn ń gbé oró láti ìsàlẹ̀ wá sókè ilẹ̀ ni.

Ewé náà kì í ṣe ajílẹ̀. Ẹ ṣe ọgbà yí oko ká, torí màlúù àti àgùntàn fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó máa ń se èèpo wílò mu fún ara ríro, kó má bó o níbẹ̀ láéláé. Ẹ má sì sun igi náà ní gbangba: kádímíọ̀mù yóò bá èéfín lọ, ìyókù yóò wà nínú eérú. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi igi dáná, tó sì ń sẹ́ èéfín rẹ̀, ni kí ẹ kó o lọ, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbé e.

Lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, ẹ bu erùpẹ̀ títí dé 20 sẹ̀ǹtímítà fún àyẹ̀wò, ní ojú kan náà tí ẹ bù ú sí tẹ́lẹ̀. Bí oró bá pọ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ìkórè kí ilẹ̀ tó mọ́.