Bí ìròyìn ilé ìwé kékeré ṣe lè dé ilé gbogbo ọmọ

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, àwọn tíṣà àti àwọn olóyè PTA la kọ ìlànà yìí fún, pàápàá níbi tí ọmọ kò ti tó igba: nínú Àkúrẹ́, nínú Oǹdó, àti láwọn abúlé tó yí wọn ká. Irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ní akọ̀wé, kì í sì í ní owó tí yóò fi tẹ ìwé ìròyìn. Tíṣà mélòó kan ló ní, fóònù kan tàbí méjì, àti àwọn ọmọ tó ń padà sílé lọ́sàn-án. Ìyẹn tó.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń gbà ránṣẹ́ sílé, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Wọ́n á kéde lórí ìlà láàárọ̀, ọmọ á gbàgbé kó tó dé Òkè-Àró. Tàbí kí wọ́n fi sórí WhatsApp, kí ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba tó ń lo fóònù alátẹ̀ má rí i rárá. Ìròyìn tó bá ṣe pàtàkì, ọ̀nà mẹ́ta ni kó gbà: bébà lọ́wọ́ ọmọ, fóònù, àti ẹnu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọmọ ń bá gbé

Orúkọ bàbá ló máa ń wà nínú ríjísítà. Ríjísítà kò lè sọ fún yín pé bàbá náà wà ní Èkó, pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọmọ ń sùn, pé ìyá àgbà kò ní fóònù, pé aránṣọ tó wà lójúlé kejì ló máa ń bá a gba ìpè. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ ra ìwé ńlá kan tó ní páálí líle lẹ́yìn, kí ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ mẹ́ta bá ti ilé kan wá, ojú ewé kan náà ni wọ́n máa wà. Ohun tí ẹ máa kọ síbẹ̀ nìyí:

- orúkọ àti kíláàsì ọmọ kọ̀ọ̀kan
- ẹni tí wọ́n ń bá gbé gan-an, àti ohun tí ẹni náà jẹ́ sí wọn
- nọ́ńbà méjì, ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tó wà lórí WhatsApp
- èdè tí wọ́n gbọ́ jù nílé, yálà Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Ìgbìrà tàbí Pijin, àti bóyá ẹnì kan ń kàwé níbẹ̀
- ibi tí a ti lè rí wọn lọ́sàn-án: ìsọ̀, ṣọ́ọ̀bù, oko
- àwọn tí a lè fa ọmọ lé lọ́wọ́ bó bá di pàjáwìrì

Bí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà náà tán, ẹ pè é lójú ẹni tó fún yín, kó dún lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì fi nọ́ńbà ilé ìwé pamọ́ sínú fóònù kó tó kúrò níwájú yín. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ tá a bá dé ọ̀rọ̀ WhatsApp. Nọ́ńbà kì í pẹ́ yí padà: wọ́n jí fóònù, wọ́n ti líìnì nítorí NIN, ìyá kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Ẹ tún ìwé náà yẹ̀ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Ohun tí òbí máa ṣe, ọjọ́ tó máa ṣe é, ohun tó máa mú dání. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìròyìn náà kò tíì pé. “A ń fi àkókò yìí rọ gbogbo òbí àti alágbàtọ́ pé kí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa lórí ìmọ́tótó”: òbí á kà á, á kí yín kú iṣẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan, nítorí ẹ kò ní kó ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ní Wẹ́sìdeè, 12 oṣù Kọkànlá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìgbálẹ̀ kan wá. A máa gbá ọgbà láàárọ̀.”

Ọjọ́ ló ń fa àṣìṣe jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òbí ló ń fi Ọjọ́rú pe Ọjọ́bọ̀, nítorí náà ẹ lo Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè tí gbogbo ọjà ń lò, kí ẹ sì fi déètì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má kọ “ọ̀la” tàbí “ọ̀túnla”, torí pé ẹni tó bá ka bébà náà ní ọjọ́ kejì á gba ọjọ́ mìíràn lọ. Ẹ má kọ “ọjọ́ márùn-ún òní” náà. Àgbàlagbà máa ń ka òní mọ́ ọn, àwọn ọmọ tó kọ́ ìṣirò nílé ìwé kì í kà á mọ́ ọn, nínú ilé kan náà ẹ máa rí ọjọ́ méjì.

Bébà tó ń lọ tó sì ń bọ̀

Gé bébà A4 kan sí mẹ́rin. Bí ọmọ 160 bá wá láti ilé 95, bébà 24 ló máa tó bí ẹ bá ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Bí ẹ bá ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, 40 ni. Ọmọ tó dàgbà jù nínú ilé náà ni kó mú un lọ. Ẹ jẹ́ kó fi sáàárín ìwé tó fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ẹ fi pín-ìnnì dè é níbẹ̀. Bó bá wà nínú àpò ṣòkòtò, òjò kan ti tó láti pa gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ́.

Ẹ fi ìwọ̀n ìka méjì sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ fa ìlà, kí ẹ kọ “Mo ti gbọ́” síbẹ̀ pẹ̀lú àyè fún orúkọ àti ìbuwọ́lùwé. Àtàǹpàkò náà tó fún ẹni tí kò kàwé. Òbí á ya á, ọmọ á dá a padà. Lọ́jọ́ ilé ìwé kẹta, tíṣà á ka èyí tó padà, á sì fàmì sí àwọn ilé tí tiwọn kò dé nínú ìwé ńlá yẹn. Bí 70 bá padà nínú 95, ilé 25 péré ló kù láti pè lórí fóònù. Kíkà yìí ni òpó gbogbo iṣẹ́ náà. Ilé ìwé tí kò bá kà á, ó kàn ń fọ́n bébà ká ni, kò sì ní mọ ilé tí ọ̀rọ̀ kò dé títí ọjọ́ ìpàdé á fi kọjá.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ àmì

Àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń dé orí fóònù kékeré, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160, àlàfo pẹ̀lú, bí kò bá sí àmì lórí tàbí nídìí lẹ́tà. Ẹyọ ẹ kan tàbí ṣ kan péré bọ́ sínú rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí 70. Bó bá lé ní 70, wọ́n á gé owó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ilé 95, owó yẹn kì í ṣe kékeré. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí kò tó 110, owó ẹyọ kan ló ń jẹ:

ILE IWE: Weside 12/11, ki omo kookan mu igbale 1 wa. A maa gba ogba laaaro. Ibeere: e pe oga ile iwe.

Bí ẹ bá bọ́ àmì kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ̀rọ̀ yín. “Ki omo mu owo wa”: ilé kan á gbé ọwọ̀ fọ́mọ, ilé kejì á ka owó, ilé kẹta á bínú wá bá yín pé ilé ìwé ìjọba ń gbowó. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ igbale. “Oko” náà bẹ́ẹ̀: oko, ọkọ́, ọkọ̀. Ẹ ka á sókè fún ẹnì kan tí kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Lórí bébà, ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀, kò ná yín ní nǹkan kan.

WhatsApp

Ẹ ṣètò gúrúùpù náà kó jẹ́ pé àwọn alábòójútó nìkan ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kú àárọ̀, àdúrà àti ìpolówó ọjà á bo ìròyìn mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ọ̀nà kejì ni ìlà ìfọ́nránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní broadcast, tó ń gba èèyàn 256, tí ọ̀rọ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kìkì ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ ló máa rí i. Ìdí rẹ̀ rèé tí òbí fi gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà náà pamọ́ lójú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹni tí kò kàwé ń gbọ́ ohùn. Ẹ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, orúkọ ilé ìwé àti déètì ló máa ṣáájú, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ lóṣù tó ń bọ̀ má sáré wá. Ohùn Ìgbìrà tàbí Haúsá, ẹ bẹ òbí tó gbọ́ èdè náà kó bá yín sọ ọ́. Ẹ má fi fọ́tò lẹ́tà nìkan ránṣẹ́. Ó ń jẹ dátà, ojú àgbà kì í sì í rí i kà. Aago méje sí mẹ́jọ alẹ́ ló dáa jù, tí ọjà bá ti tú.

Ẹ jẹ́ kí líìnì náà jẹ́ ti ilé ìwé, kí alábòójútó sì jẹ́ méjì, ọ̀gá ilé ìwé àti alága PTA. Wọ́n ń gbé tíṣà kúrò láti ilé ìwé kan sí òmíràn. Bí gúrúùpù bá wà lórí fóònù tirẹ̀ nìkan, ó bá a lọ nìyẹn. Èsì ìdánwò ọmọ, orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè, àwòrán ọmọ tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí: ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà lórí èyí. Òfin ibẹ̀ ì báà má sí, ọmọ tí wọ́n ka èsì rẹ̀ láàárín àdúgbò kì í gbàgbé.

Ọjọ́ ìpàdé

Jímọ̀ kò dáa lọ́sàn-án. Sátidé jẹ́ ti ìnáwó. Wẹ́sìdeè ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Lábúlé, ẹ bèèrè ọjọ́ ọjà kí ẹ tó mú ọjọ́, torí ọjà ọrọọrún kì í bá ọ̀sẹ̀ rìn. Lápá Ìdànrè àti Oǹdó, láti oṣù Kẹwàá sí Kejìlá, kòkó ń jáde, oko ni ọ̀pọ̀ òbí ń sùn. Ẹ pèpàdé kó tó di ìgbà náà. Túsìdeè tàbí Tọ́sìdeè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wákàtí kan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó

Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà àti JSS mẹ́ta, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwé ìjọba. Láti 1955 ni ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, òbí kò ní ṣàì bèèrè. Bí PTA bá jọ fẹnu kò láti dáwó tún fèrèsé ṣe, kí ìròyìn náà sọ ìpàdé tí wọ́n ti pinnu, iye tó jẹ́, ẹni tó ń gbà á tó sì ń já ìwé fún un, àti pé ọmọ kankan kò ní torí rẹ̀ padà sílé. Kí ó sọ ibi tí ẹ̀sùn ń lọ pẹ̀lú: ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ní Àkúrẹ́. Ilé ìwé tó kọ èyí jáde fúnra rẹ̀ ni àwọn òbí máa ń gbà gbọ́.

Bébà kan tó yẹ kó wà lára ògiri ilé kọ̀ọ̀kan

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ tẹ ojú ìwé kan tí òbí máa lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìwé ìbí ló ṣáájú. NPC, àjọ tó ń ka èèyàn, ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àwọn akọ̀wé wọn sì wà láwọn ìjọba ìbílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni NIN. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ náà jẹ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé 16, òbí gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ kó sì bá ọmọ lọ pẹ̀lú ìwé ìbí.

Ibi tí wàhálà wà ni orúkọ. “Ayọ̀mídé” nínú ríjísítà, “Ayọ̀” nínú ìwé ìbí, orúkọ bàbá àgbà lórí NIN, ọdún ìbí sì yàtọ̀ síra. Ẹnikẹ́ni kì í rí i títí di ìdánwò àṣewọlé, WAEC tàbí JAMB, nígbà tí àtúnṣe ti di owó gidi àti ìrìn àjò. Kí tíṣà Pry 1 gba ẹ̀dà ìwé ìbí, kó sì fi ìtò orúkọ inú rẹ̀ kọ ríjísítà, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Káàdì àjẹsára tún ńkọ́? Kí òbí má jù ú nù nígbà tí ọmọ bá kúrò ní jẹ́léósinmi. Fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ wà lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé ní ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn nọ́ọ̀sì tó wá sílé ìwé, kí orúkọ abẹ́rẹ́ àti ohun tó ń dènà wà níbẹ̀. Òbí tó bá rí nọ́ọ̀sì lójijì á gun ọ̀kadà wá kó ọmọ rẹ̀ lọ, àwọn tó kù á sì tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ṣí òrùlé, tàbí ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ pé àwọn ajínigbé wọ àdúgbò. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni méjì péré ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, àwọn alábòójútó méjì yẹn, kí àwọn òbí sì ti mọ ohùn wọn tẹ́lẹ̀. Bí ewu bá wà lóòótọ́, 112 ni ẹ máa kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn náà, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ ránṣẹ́, kódà bí kò tíì pé: ibi tí àwọn ọmọ wà, bóyá ẹnì kan fara pa, bóyá kí òbí máa bọ̀ tàbí kó dúró, àti aago tí ẹ máa tún sọ̀rọ̀. Bí aago náà bá lù tí kò sí ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ ránṣẹ́ pé kò sí.

Ìròyìn ìsinmi òjijì tó bá ń kiri lórí fóònù, ẹ má tàn án ká kí ẹ tó gbọ́ ọ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, tàbí lórí rédíò: OSRC ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, Positive FM 102.5 tàbí Adaba 88.9. Bí ọ̀ràn náà bá ti rọlẹ̀, kí nọ́ńbà kan náà tó kéde rẹ̀ kéde pé ó ti parí, kí ẹ sì mú ìwé ńlá yẹn, kí ẹ fàmì sí àwọn ilé tí ẹ kò rí bá sọ̀rọ̀.