Bí Mo Ṣe Se Muguk, Ọbẹ̀ Ẹran Màlúù àti Rádíìṣì Àwọn Ará Kòríà

Ọbẹ̀ ojoojúmọ́ ni muguk ní Kòríà. Wọ́n á fi jẹ ìrẹsì láàárọ̀. Nígbà Chuseok, ọdún ìkórè wọn, àti Seollal, ọdún tuntun wọn, irú rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé ka iwájú àwọn baba ńlá wọn. Ní Daegu, ìlú tí mò ń gbé ní Kòríà, èyí tó pupa ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò mi fẹ́ràn. Ata gbígbẹ àti ẹ̀wà tó ti hu ni wọ́n ń kó sí i, bí wọ́n ṣe ń sè é ní agbègbè Gyeongsang nìyẹn. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo fẹ́ràn ata dáadáa, síbẹ̀ èyí tí kò ní ata pupa rárá ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, òun ni mo sì sè.

Rádíìṣì, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kan, ni ọ̀gá ọbẹ̀ yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní mu ni kí ẹ wá: ó sanra, ó le, orí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ìgbà òtútù ló sì ń dùn jù. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá mi ṣa èyí tó wúwo, ó ní apá òkè ni kí n fi se ọbẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn; apá ìsàlẹ̀ máa ń ta lẹ́nu. Ìdajì kílò ni mo lò. Mo bó o, mo gé e ní pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin, kò fẹ́lẹ́ jù, kó má baà yọ́ sómi.

Igẹ̀ màlúù ni mo rà, bíi 250 gíráàmù. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sómi tútù fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, mo sì nù ún gbẹ.

Mo da òróró yànmọ̀tí ṣíbí ìjẹun kan sí ìkòkò, mo da ẹran sí i. Ẹ má ko iná bò ó o, òróró yìí tètè ń jó, bó bá sì ti jó, ọbẹ̀ ti korò nìyẹn. Nígbà tí ẹran ò pupa mọ́, mo da rádíìṣì lé e, mo wọ́n guk-ganjang ṣíbí kan sí i, ìyẹn omi sóyà tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀, mo wá ń rò ó. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Etí rádíìṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ bíi gíláàsì, òórùn sóyà náà á yí padà, á wọnú ti ẹran. Ibẹ̀ gan-an ni adùn omi ọbẹ̀ ti ń wá.

Mo bu omi lítà kan ààbọ̀ sí i. Bó ṣe hó, ìfófó aláwọ̀ eérú gun òkè. Mo dúró tì í, mo ń fi ṣíbí kó o dànù títí ojú omi fi mọ́. Tí ẹ bá jẹ́ kó pò mọ́ ọn, ọbẹ̀ á ṣú, kò sì ní dùn lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà, mo dín iná kù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Aáyù gígún àti guk-ganjang díẹ̀ sí i, mo tọ́ ọ wò, mo wá fi iyọ̀ tún un ṣe. Mágì ò kàn án. Tó bá jẹ́ omi sóyà lásán lẹ ní, ẹ fi mọ níwọ̀n, torí á sọ omi di dúdú. Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ ṣe èyí tó kù. Àlùbọ́sà eléwé ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ata dúdú ìwọ̀nba.

Omi náà mọ́ débi pé mò ń rí ìdí àwo. Mo da ìrẹsì gbígbóná sínú rẹ̀, mo fi kimchi, ìyẹn ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata pò títí ó fi kan, jẹ ẹ́. Ata tó wà lára kimchi tó ẹni tó bá ń wá ata. Èyí tó kù wọ fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì, rádíìṣì ti mu omi ẹran yó, ó tún dùn ju ti àná lọ. Iná díẹ̀ báyìí lẹ máa fi gbé e kaná, kí rádíìṣì má baà fọ́.