Kẹ́ ẹ tó lọ bá lọ́yà torí ìkọ̀sílẹ̀
Ẹ̀yin ará wa, ẹ má kàn lọ jókòó síwájú lọ́yà kẹ́ ẹ máa sunkún o, owó lẹ fi ń sun ún. Ẹ ti kọ déètì sílẹ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ìgbà tẹ́ ẹ ti pínyà, torí tó bá jẹ́ rẹ́jísìrì lẹ ti ṣe é ní Nàìjíríà níbí, Háì Kọ́ọ̀tù lẹ ń lọ, kì í ṣe kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, adájọ́ sì lè tú u ká tẹ́ ẹ bá ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 tí ẹnì kejì ò ta kò ó, tàbí ọdún 3 bó tiẹ̀ ta kò ó. Ẹ mú sátífíkéètì ìgbéyàwó dání. Ẹ ní kí lọ́yà yín kọ iye owó iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tójú ń tì yín láti sọ gan-an, ẹ sọ ọ́, lọ́yà ẹnì kejì á kúkú gbé e jáde.