Bí ẹ ṣe lè ta ilé yín n'Ìbàdàn láìfún éjẹ́ńtì ní kọ́míṣọ̀n

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀. Ká ní 40 mílíọ̀nù náírà lẹ fẹ́ ta ilé yín, tí éjẹ́ńtì wá ní òun á gba náírà 5 nínú 100, 2 mílíọ̀nù ti lọ nìyẹn o, nítorí pé ó mú èèyàn wá wo ilé lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá mọ síbẹ̀ gan-an ì bá dáa. Éjẹ́ńtì àkọ́kọ́ á gbé e fún ìkejì, ìyẹn náà á gbé e fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, kálukú á sì máa fi tiẹ̀ lé e, ẹ̀yin pe 40, ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́ 46, ó bá tiẹ̀ lọ, ẹ̀yin jókòó sílé ẹ ń sọ pé ọjà ò yá. Bí wọ́n ṣe fi oṣù méje ṣòfò lórí ilé màmá mi ní Àpáta nìyẹn kí n tó ní ó tó gẹ́ẹ́, màá tà á fúnra mi.

Àmọ́ inú ilé la ti ń bẹ̀rẹ̀ o, ìta kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ralé n'Ìbàdàn níbí, yàrá mélòó kọ́ ló máa kọ́kọ́ bi yín, "ta ló nilé, ṣé ẹbí ò ní jà?" ló máa bi yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fowó yín ra ilẹ̀ tẹ́ ẹ sì kọ́lé sí i, ó rọrùn. Tó bá jẹ́ ilé bàbá yín tó ti di olóògbé, ẹ lọ gba ìwé kóòtù tó fún yín láṣẹ lórí ogún ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ilé ẹbí ló wá le jù. Tí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí mọ̀ sí i, lójú òfin kò tíì ta nǹkan kan. Tó bá sì jẹ́ olórí ẹbí ló tà á láìfi tó àwọn àgbà yòókù létí, wọ́n lè gbé e lọ kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Torí náà mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kánádà, ẹ má fojú fò wọ́n o, àwọn gan-an ló máa kọ́kọ́ pe lọ́yà.

Lẹ́yìn náà ẹ kó ìwé ilé jáde. Risíìtì àti ẹgírímẹ́ǹtì tí ẹ fi ra ilẹ̀, sọ́fè (ìwé tí sọfíyọ̀ fi ya ilẹ̀ àti ìwọ̀n ẹ̀), pláànù ilé tí ìjọba fọwọ́ sí, C of O tó bá wà, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi jẹ́rìí pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ náà. Tí kò bá sí C of O, ilé ṣì ń tà, owó ẹ̀ ló máa wálẹ̀. Sọ́fè yẹn ló máa ń dá nǹkan rú, torí sọfíyọ̀ ẹni tó fẹ́ ralé máa gbé e lọ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ Surveyor-General, ọ̀gá àwọn sọfíyọ̀ ìjọba, ní Sẹkitéríàtì, Àgodi, bóyá ilẹ̀ yẹn bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, bóyá wọ́n fi red copy ẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà sọ́fè tó yẹ kí sọfíyọ̀ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀yin ẹ tètè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tiwa, sọfíyọ̀ tó ṣe é láyé ọjọ́un gba owó red copy, kò gbé e débẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún un ṣe, ká ní oníbàárà ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn ni, á ti sá lọ. Fótókọ́pì ni kẹ́ ẹ máa fún èèyàn, kẹ́ ẹ kọ "fún àyẹ̀wò nìkan" gba àárín ẹ̀ kọjá, ẹ má sì gbé ìwé ilé sórí WhatsApp tàbí Facebook o, àwọn gbájúẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wá ilé onílé tà. Àbí kí lẹ rò pé ó jẹ́ kí wọ́n máa kọ "This house is not for sale" sára ògiri káàkiri?

Iye tẹ́ ẹ máa pè, ẹ má fi ti aládùúgbò tó ń pe owó láti ọdún tó kọjá ṣe o, iye tí wọ́n san fún ilé tó ti tà ládùúgbò yín ni kẹ́ ẹ wádìí. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ wá estate surveyor, ìyẹn onímọ̀ tó ń díye lé ilé, tí ESVARBON, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ san owó iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó kọ iye tílé tó sínú ìwé, ìyẹn ò sọ ọ́ di éjẹ́ńtì yín. Ẹ sì kọ ìwọ̀n ilẹ̀ bó ṣe wà lórí sọ́fè, torí 50 by 100 fíìtì la sábà ń pè ní plọ́ọ̀tì kan n'Ìbàdàn, ará Èkó tó bá wá rà á, 60 by 120 ló wà lọ́kàn tiẹ̀.

Ìpolówó ò le. Ẹ gbálé, ẹ tún ọ̀dà kùn níwájú ilé, ẹ ya fídíò láti ojú títì wọlé kí èèyàn rí bọ́nà ṣe rí, kí ẹ má fi ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà pa mọ́ fún wọn, wọ́n ṣáà máa débẹ̀. Mo kọ "For sale by owner, no agents" sára ògiri, éjẹ́ńtì mọ́kànlá ló pè mí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí oníbàárà ti wá gangan ni mítíìn àwọn láńlọ́ọ̀dù, mo kàn dìde mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá mú ẹni tó rà á wá, a ó fún un ní 200,000, ó parí. Bàbá kan lọ́jọ́ náà pe àbúrò wọn.

Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan wà pẹ̀lú yín tí àlejò bá fẹ́ wo ilé. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé kò sí éjẹ́ńtì, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé "ẹ yáa yọ owó éjẹ́ńtì fún mi nígbà náà". Èmi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì, àmọ́ màmá ló nilé, màá bi wọ́n." Màmá dára fún irú nǹkan báyìí, ẹ máa sá sẹ́yìn wọn dáadáa. Tí ayálégbé bá wà níbẹ̀ tó ń san owó ọdọọdún, nótíìsì oṣù mẹ́fà la sábà ń fún un, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Lọ́yà ni mi ò ní kẹ́ ẹ yọ o. Òfin ò gba kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gba owó kọ ìwé ilé fún èèyàn, bẹ́ẹ̀ tááìpíìsì etí kóòtù máa ní òun lè ṣe é. Deed of Assignment, ìwé tó gbé ilé kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ẹni tó rà á, ni lọ́yà máa kọ, wọ́n á sì nílò ẹ̀yin náà nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ gba àṣẹ gómìnà tí Land Use Act 1978 ní ká gbà. Màmá mi ò kàwé, àtẹ̀ka ni wọ́n tẹ̀, lọ́yà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n túmọ̀ ìwé náà fún wọn lédè Yorùbá ó sì yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀.

Owó, bánkì ni. Òfin ọdún 2022 tó wà fún dídènà kíkó owó ìwà ọ̀daràn pa mọ́ ò gba kí ẹnì kan san kéèṣì tó ju 5 mílíọ̀nù náírà lọ, torí náà tí ẹnikẹ́ni bá gbé Ghana-must-go wá, ẹ ní kó máa gbé e lọ bánkì. Àlàátì orí fóònù kì í ṣe owó o, ẹ ṣí app bánkì yín kẹ́ ẹ wo balance. Ojúlówó ìwé àti kọ́kọ́rọ́ ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín títí owó fi pé.

Tó bá ti pé, ẹ san bíìlì iná tó kù, ẹ mú onílé tuntun lọ kí àwọn láńlọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀dà pa nọ́ńbà yín rẹ́ lára ògiri. Èmi ò rántí, ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí a ti tà á, wọ́n tún pè mí láàárọ̀ yìí pé ṣé ilé Àpáta yẹn ṣì wà.