Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa lílo lésà dípò dírìlì fún eyín

Ìró dírìlì ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún dókítà eyín. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé lésà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ alágbára ṣiṣẹ́, ni wọ́n ń lò níbì kan, ọkàn wọn á ti balẹ̀, wọn ò sì ní béèrè nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Lésà dára, mi ò bá a jà, àmọ́ irinṣẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ní ààlà.

Ẹ má rò pé gbogbo lésà ló lè gbẹ́ eyín. Èyí tí wọ́n ń pè ní dáódù, tó kéré, tí kò sì wọ́n tó àwọn yòókù, ẹran ìdí eyín ló wà fún: ó ń gé e, ó sì ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí a bá kọjú rẹ̀ sí eyín gan-an, kò ní gbẹ́ ẹ, ńṣe ló máa mú un gbóná. Eyín líle ń fẹ́ irú lésà mìíràn, irú bí Er:YAG, tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún gbígbẹ́ eyín ní 1997. Omi inú eyín ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Omi náà á hó lójú ẹsẹ̀, á bẹ́, á sì fọ́n ẹ̀rúnrún eyín dànù. Ẹ ò ní gbọ́ hían-hían dírìlì, pà-pà-pà lẹ máa gbọ́. Ibi tó ti jẹrà ní omi nínú ju ibi tó ṣì le lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tètè kúrò. Èèpo òde eyín tó le koko kò ní omi púpọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kí lésà tó ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá retí pé lésà á yá ju dírìlì lọ, sùúrù ló máa fi gbé e.

Ẹ má sì bẹ dókítà pé kó fi lésà yọ irin fàdákà tí wọ́n fi dí eyín yín tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdajì irin yẹn, mẹ́kúrì ni. Ooru lésà lè mú kí mẹ́kúrì náà di oru tí ẹ ó máa fà sínú, ojú irin náà sì lè ta ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tí a kò fẹ́. Dírìlì ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Òun náà ni wọ́n fi ń dín eyín kù bí wọ́n bá fẹ́ dé e ní ìbòrí. Nítorí náà, bí dókítà bá fi lésà bẹ̀rẹ̀ tó wá gbé dírìlì láàárín iṣẹ́, kò tàn yín jẹ.

Ti abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí eyín dunni ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í nílò rẹ̀ bí ihò náà kò bá jìn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe àdéhùn pé ẹ ò ní gbà á láéláé. Bó bá dùn yín, ẹ nawọ́ sókè.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni lésà tó ń gbẹ́ eyín láìsí omi. Ní 1965, àwọn olùwádìí méjì, Zach àti Cohen, dán ooru wò lára eyín ọ̀bọ: nígbà tí inú eyín gbóná sí i ní nǹkan bí 5.5°C péré, bíi 15% nínú àwọn eyín náà ni ẹran tútù inú wọn kú. Nítorí náà, omi gbọ́dọ̀ máa fọ́n sí eyín bí lésà ṣe ń gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ń gbóòórùn ohun tó ń jóná nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ eyín, tí ẹnu yín sì gbẹ, ẹ dá wọn dúró. (Bó bá jẹ́ ẹran ìdí eyín ni wọ́n ń gé, èéfín díẹ̀ kì í ṣe àjèjì, ẹ̀rọ tó ń fa nǹkan jáde lẹ́nu ló yẹ kó máa gbà á.)

Àwọn dókítà kan náà ní àṣìṣe tiwọn. Lésà máa ń mú ojú eyín rí ṣákaṣàka, ni wọ́n bá rò pé áásìdì tí wọ́n ń fi pa eyín kí wọ́n tó dí i kò pọn dandan mọ́. Ó ṣì pọn dandan, àgàgà lára èèpo òde; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí wọ́n fi dí i lè má lẹ̀ dáadáa.

Ó wá ku ojú. Awò dúdú tí a fi ń bo oòrùn kò tó, pípa ojú dé kò sì tó. Lésà dáódù àti irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG lè wọ inú ẹyinjú lọ títí dé ẹ̀yìn rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Er:YAG, iwájú ẹyinjú ló ń jó. Awò ti ọ̀kan kò sì dájú fún èkejì. Nọ́ńbà tó ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó lè dí wà lára awò tòótọ́, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti lésà náà mu: 2,940 nánómítà ni ti Er:YAG, 1,064 ni ti Nd:YAG. Dígí kékeré tí dókítà ń fi wo ẹnu lè ta ìmọ́lẹ̀ padà sí ibikíbi nínú yàrá. Ìyá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ awò. Bí kò bá sí èyí tó ṣẹ́ kù fún un, kó jáde títí wọ́n á fi pa ẹ̀rọ náà.